Ìda Kì Í Hó

Àárọ̀ Sátidé, kí wọ́n tó mú iná lọ ní Kubwa,
Zezhiwo ti dé láti ọ̀nà Ushafa,
ẹrù lé e léjìká bí àwọn Gbàgyí ti ń rù ú:
wọ́n ní orí lọba ara, ọba kì í sì í ru igi.
Ó já ìda sílẹ̀ fún mi, roboto mẹ́ta,
ẹsẹ̀ oyin, ìyẹ́ oyin, ìdọ̀tí igbó lára rẹ̀.
Mo gbé e símú.
Òórùn òdòdó igi òrí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Adùnbárìn, gbé ìkòkò kékeré yẹn wá.
Kì í ṣe ti ọbẹ̀. Ti ìda.
Ìda ló ni ín títí ayé.
Bu omi sínú ńlá, ìwọ̀n ìka mẹ́ta,
kí o gbé kékeré jókòó sínú rẹ̀
bí ọmọ tí wọ́n ń wẹ̀ nínú bàsíà.
Ki ṣíbí méjì bọ abẹ́ rẹ̀, kí ìdí má bàa kan ìdí.
Omi ni yóò bá wa yọ́ ọ.
Iná kò gbọdọ̀ mọ̀ ọ́n lójúkojú.

O ní kí ló dé tí a kò kúkú gbé e lé iná tààrà,
kó yá, gáàsì wọ́n.
Wo ẹ̀yìn ọwọ́ mi.

Mararaba ni, yàrá kan, sítóòfù kẹrosínì kan,
bàtà awọ méjìlá tí mo ti gba owó wọn jẹ,
òwú tó ń já nítorí kò rí ìda.
Mo gbé páànù lé iná.
Omi a máa kùn kó tó bínú.
Epo a ta pàrà, a kìlọ̀ fún ará ilé.
Ìda kì í hó.
Ó jókòó jẹ́ẹ́ bí àlejò tó mọ ìwà,
ó ń dán, ó ń wò mí.
Èéfín tẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ, mo rò pé oorun ló ń kùn mí lójú.
Fóònù dún. Mo jáde lọ wá nẹ́tíwọ̀kì.
Nígbà tí mo padà, iná ti dúró lórí páànù
bí ẹni tó ń san owó ilé.

Mo ki ike omi mọ́lẹ̀.
Hajiya Talle ló gbá a bọ́ lọ́wọ́ mi,
"Kar ki zuba ruwa!"
omi dà sẹ́nu ọ̀nà, ọpẹ́ ni pé ibẹ̀ ló dà sí.
Ó pa sítóòfù, ó sáré mú tírè onírin,
ó dé iná náà mọ́lẹ̀
bí ẹni bo ọ̀rọ̀ tí ọmọdé kò gbọdọ̀ gbọ́.
Ẹ̀kán kan ṣoṣo ló ta sí mi lára.
Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi kí mi.
Ní ọjọ́ kẹrin ó gbé fùrá wá.

Ó ti ń rọ̀ létí. Má gún un. Ṣí fèrèsé.
Lé ológbò jáde, di irun rẹ.
Bí omi bá ń gbẹ, bù kún un, ti ìsàlẹ̀ ni o,
kí ìkán kan má ta sínú ìda.
Èmi kò ní kúrò níbí, bí ààrẹ ìlú tilẹ̀ ń pè mí.

Wàyí o. Mú síńgílẹ́ẹ̀tì bàbá rẹ, èyí tó ya,
ká fi sẹ́ ẹ.
Wo oyin kan, ìyẹ́ rẹ̀ méjèèjì pé.
Má da ìyókù sí síǹkì,
yóò dì sí ilé yìí lọ́nà ọ̀fun, lánlọ́ọ̀dù yóò sì gbọ́.

Wọ́n ti mú iná lọ.
Ojú gáàsì nìkan ló ń ṣẹ́, aró, láàárín wa.
Ó bi mí pé ṣé Hajiya Talle ṣì wà ní Mararaba.
Mi ò mọ̀.
A kó jáde lóru ọjọ́ kan, ẹrù pọ̀, òjò ń rọ̀.
Tírè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ ọ̀tún mi yìí,
tí àárín rẹ̀ dúdú,
tí mo ní kí ẹnikẹ́ni má fi gbé iyán,
tirẹ̀ ni.
N kò tíì dá a padà.